Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wa hẹlikọ́pítà onírìmóòtù, ẹ bá mi dá sí i

ỌmọÈkìtì_Kent:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Chatham ní Kent níbí ni mò ń gbé, pápá kan wà lẹ́yìn ìlú tí àwọn òyìnbó àgbààgbà kan máa ń kóra jọ sí láàárọ̀ Sunday, àwọn kan ń wa bàálù kéékèèké, àwọn kan ń wa hẹlikọ́pítà onírìmóòtù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá èmi àti ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá dúró wò wọ́n títí òjò fi lé wa. Bàbá kan dojú tiẹ̀ dé lókè, abẹ̀bẹ̀ ẹ̀ wá kọjú sílẹ̀, ó sì ń fi lọ ó ń fi bọ̀ báyẹn láìmikàn. Látìgbà yẹn ọmọ yìí ò jẹ́ n sinmi mọ́. Mi ò ní purọ́ sá, ó wu èmi gan-an ju ọmọ lọ.

Mo wá rí ọ̀kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tòkunbọ̀ ni, sáìsì 450, ẹni tó fẹ́ tà á ní òun máa fi rìmóòtù àti bátìrì mẹ́rin sí i. Ìyàwó mi ní tí n bá gbé e wọlé kí n má fi orúkọ òun sí i o. Ìbéèrè mi ni pé, ṣé kí n rà á? Ṣé a lè kọ́kọ́ máa fi ẹ̀yìnkùlé wa kọ́ ọ, kí ojú má bàa tì wá lọ́dọ̀ àwọn bàbá yẹn? Àti pé ṣé wọ́n máa ń gba ọmọdé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n, ẹ dá mi lóhùn.

BàbáÌbejì_Leeds:
Ẹ kú ìfẹ́ ẹ̀ o. Ẹ má tíì rà á.

450 ní ẹ̀yìnkùlé kẹ̀? Abẹ̀bẹ̀ orí ẹ̀ fẹ̀ tó 70 cm, carbon ló sábà máa ń jẹ́, ó sì ń yí ju ìgbà 2,500 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Ẹ ṣírò ẹ̀, ẹnu abẹ̀bẹ̀ yẹn ń sáré ju 300 km lọ ní wákàtí. Ohun tó bá kàn, ó máa gé e, ìka èèyàn ò tó nǹkan lójú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ará ilé kejì yín ráyè mu tíì wọn.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀ ẹ lọ bá àwọn bàbá yẹn lọ́wọ́ òfo, kí ẹ kí wọn, kí ẹ ní ẹ̀yin àti ọmọ yín fẹ́ kọ́ ọ. Inú wọn máa dùn ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí àwọn kíláàbù yìí ń wá ọ̀dọ́ lójú méjèèjì, àwọn arúgbó ló pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní ẹni tó ń kọ́ èèyàn. Wọ́n máa so rìmóòtù méjì pọ̀, tiyín àti ti olùkọ́, tó bá ti rí i pé ẹ fẹ́ já a mọ́lẹ̀ ó máa gbà á lọ́wọ́ yín kó tó balẹ̀. Ìyẹn nìkan máa gbà yín lọ́wọ́ owó páàtì, torí tí heli bá ṣubú, kì í ṣe abẹ̀bẹ̀ nìkan ló ń lọ, ọ̀pá àárín ti tẹ̀, jíà ńlá ti bọ́ eyín, ìrù ti ká, nígbà míì sẹ́fò, mọ́tò kékeré tó ń yí igun abẹ̀bẹ̀, náà bá a lọ.

Ti ìwé: ẹ wọ ẹgbẹ́ BMFA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi ọkọ̀ òfurufú kéékèèké ṣeré ní Britain níbí, láti 1922 ni wọ́n ti wà. Ìnṣọ́ránsì wà nínú owó ẹgbẹ́, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ kíláàbù ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ wà láìní in. Lẹ́yìn náà ti CAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfurufú ní Britain. Flyer ID, ti ẹni tó ń wa á, jẹ́ ìdánwò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, kò le. Láti oṣù kìíní 2026, ohunkóhun tó bá ti tó 100 g lẹ nílò ẹ̀ fún. Operator ID, ti ẹni tó ni ín, lẹ máa san owó fún lọ́dọọdún, ohun tó bá ti tó 250 g gbọ́dọ̀ ní in, kí ẹ sì lẹ nọ́ńbà ẹ̀ mọ́ ara heli. Ọmọ yín lè ní Flyer ID tiẹ̀, àmọ́ torí kò tíì pé 13 kí òbí jókòó tì í tó bá fẹ́ gbà á. Operator ID ní tirẹ̀, orúkọ ẹ̀yin bàbá ló máa wà, ẹni tí kò bá tíì pé 18 ò lè gbà á.

ÌyáWínní_Manchester:
Mo gbà pẹ̀lú Bàbá Ìbejì. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ìdí tó fi le, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé dírọ́ọ̀nù àti heli, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Rárá o. Dírọ́ọ̀nù, tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀ ó máa dúró. Heli ò ní dúró fún yín, bí ẹni tó ru omi láìfọwọ́ mú un ló ṣe rí, ìka yín méjèèjì ò gbọ́dọ̀ sinmi. Àti pé èyí tí bàbá yẹn dojú ẹ̀ dé yẹn, collective pitch là ń pè é, kì í ṣe eré mọ́tò la fi ń gbé e sókè, eré mọ́tò wà lójú kan, igun abẹ̀bẹ̀ la ń yí. Igun yẹn lè yí sí òdìkejì pátápátá, ìyẹn ló fi lè fi ẹ̀yìn fò. Ó wúlò fún nǹkan míì náà o: tí mọ́tò bá kú lókè, ẹ lè fi abẹ̀bẹ̀ tó ṣì ń yí sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, àmọ́ ẹ̀kọ́ ọjọ́ míì nìyẹn.

Ibi tó ti ń dojú rú mọ́ èèyàn lọ́wọ́ rèé. Tí ìrù ẹ̀ bá kọjú sí yín, òsì lòsì, ọ̀tún lọ̀tún. Ẹ wá jẹ́ kó yíjú kí imú ẹ̀ máa wò yín, ẹ tì í sọ́tùn-ún ó lọ sósì yín, ojú yín ń sọ ọ̀kan, ìka yín ń ṣe òmíì, kẹ́ ẹ tó rò ó tán ó ti balẹ̀ gbàì. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi ń bẹ̀rẹ̀ látorí simulator, eré kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bíi heli gidi. Ẹ ra RealFlight tàbí AccuRC sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ so rìmóòtù gidi mọ́ ọn, kì í ṣe ti Playstation o. Ẹ kọ́ bó ṣe máa dúró lójú kan pẹ̀lú ìrù sí yín, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ẹ̀gbẹ́ òsì, kẹ́ ẹ fi imú parí. Tí ọwọ́ ọmọ bá dá sí i ṣáájú tiyín, ẹ má bínú, bẹ́ẹ̀ ló máa ń rí.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ ra tòótọ́, ẹ mú èyí tó kéré bí OMPHobby M1, tàbí Blade 230 S tó ní bọ́tìnnì tẹ́ ẹ máa tẹ̀ kó dúró gbọọrọ tí orí yín bá ti dàrú. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń gbé e dìde, ẹ má máa fà á rìn nílẹ̀ẹ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sílẹ̀ ń ta padà sí i níbẹ̀ kò sì ní jẹ́ kó fara balẹ̀. Ẹ gbé e kọjá eékún.

AlàgbàIlé_Birmingham:
Gbogbo ẹ̀ dáa, àmọ́ èmi ò gbà. Bàálù oníyẹ̀ẹ́ ni kí ọmọ náà kọ́kọ́ kọ́. Foomu ni, ó ń ṣubú, ẹ fi gílúù lẹ̀ ẹ́, ó tún fò.

ÌyáWínní_Manchester:
Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọmọ ní hẹlikọ́pítà lòun rí. Tẹ́ ẹ bá gbé bàálù fún un, ó máa fi sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì láàárín oṣù kan. Ọgbọ́n bàálù ò sì ràn án lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀ nídìí kó dúró lójú kan.

AlàgbàIlé_Birmingham:
Ó dáa, mo ti gbọ́. Inú mi ò dùn sí i ṣá.

Adéoyè_Ìbàdàn:
Ẹ̀yin ará òkè òkun, ẹ ń gbádùn o. Kẹ́nikẹ́ni tó ń ka èyí nílé má kàn ṣáà ra ọ̀kan kó fi sínú àpótí kó gbé e bọ̀. Nàìjíríà níbí, gbogbo nǹkan tó ń fi rìmóòtù fò, ọ̀dọ̀ ONSA, ọ́fíìsì olùdámọ̀ràn ààrẹ lórí ètò ààbò, lẹ ti máa gba ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní End User Certificate kẹ́ ẹ tó kó o wọlé, NCAA, àjọ tó ń bójú tó òfurufú, náà ní ìwé tiwọn. Kọ́sítọ́ọ̀mù ò ní bi yín bóyá ọmọ yín lẹ rà á fún.

ỌmọÈkìtì_Kent:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo lọ lónìí lọ́wọ́ òfo bí Bàbá Ìbejì ṣe wí. Wọ́n fún ọmọ mi ní rìmóòtù kejì, olùkọ́ kọ́kọ́ fi ọwọ́ di abẹ̀bẹ̀ mú, ó ń wo gbogbo bọ́ọ̀lù kéékèèké tó so ọ̀pá mọ́ orí heli lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fà wọ́n wò bóyá èyíkéyìí ti ń mì, ó ní ká má sún mọ́ ọn kí òun tó sọ pé throttle hold, súìṣì tí kì í jẹ́ kí mọ́tò yí, ti wà nílẹ̀. Ọmọ gbé e dúró díẹ̀, ó ń gbọ̀n bí ewé ṣùgbọ́n ó gbé e dúró!

Ẹni tó ń ta 450 ṣì ń pè mí. Ó ní mode 1 ni rìmóòtù ẹ̀, àwọn kíláàbù ní mode 2 làwọn ń lò. Ṣé ó já mọ́ nǹkan?

BàbáÌbejì_Leeds:
Ó já mọ́ nǹkan gan-an. Mode 2, ọwọ́ òsì ló ń gbé e sókè, mode 1, ọwọ́ ọ̀tún ni. Ọ̀pọ̀ rìmóòtù lẹ lè yí padà, ẹ máa lọ sínú mẹ́nù, kí ẹ tú ẹ̀yìn ẹ̀ kẹ́ ẹ gbé spring kúrò ní apá kan sí apá kejì. Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ yín bóyá èyí yẹn máa bá tiẹ̀ sọ̀rọ̀, torí kì í ṣe gbogbo kọ́ńpìnnì ló ń gbọ́ra wọn yé. Ẹ yẹ àwọn bátìrì yẹn wò náà, èyí tó bá ti wú díẹ̀ báyìí, ẹ má gbé e wọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ yín. LiPo, irú bátìrì tí heli ń lò, tó bá ti wú lè gbiná níbi tẹ́ ẹ gbé e sí. Tí rìmóòtù ò bá bára mu, ẹ fi í sílẹ̀ fún un, kó yọ owó ẹ̀ kúrò, heli yẹn á lè dúró de ọdún tó ń bọ̀ nínú gáréèjì.