Kádàrá, àgbákò àti ẹnu ayé nínú ìtàn Tess

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àròjinlẹ̀. Mo ti ka àbá tí ọ̀kan lára wa mú wá lórí bí a ó ṣe sọ ìtàn Tess of the d'Urbervilles, ìwé ìtàn àròsọ tí Thomas Hardy, òǹkọ̀wé ará Gẹ̀ẹ́sì, kọ ní 1891, ní èdè Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Ìlọrin àti Òmù-Àrán. Ó ní kí a pe ohun tí Tess ń fẹ́ ní "ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́", kí a pe ohun tó dé bá a ní "kádàrá", kí a sì pe ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní "ìretí àwùjọ". N kò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n kádàrá ni ó ká mi lára jù.

Ti ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ kò le. Ọ̀rọ̀ náà ti dá ẹni tí a bá fi bá wí lẹ́bi kí ó tó la ẹnu. Ọmọbìnrin tó ń fún wàrà màlúù, tí kò fẹ́ ju kí ó fẹ́ ẹni tí ọkàn rẹ̀ yàn, kò tọ́ sí irú orúkọ bẹ́ẹ̀. "Ìfẹ́ ọkàn" ti tó.

Inú èdè Lárúbáwá ni a ti rí kádàrá, ó sì ti di tiwa débi pé, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnìkan ní Ìlọrin, òun àti "àmúwá Ọlọ́hun" ni ó máa ń wà lẹ́nu àwọn tó wá kí i. Ẹni tó bá sọ ọ́ ń sọ pé Ẹlẹ́dàá ti kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó sì ń fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ rọ olófò pé kí ó má wádìí mọ́. Àkúnlẹ̀yàn tilẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ó ń sọ pé ẹni náà ló fi ẹnu ara rẹ̀ yàn án ní ìsálú ọ̀run. Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìwé náà. Bàbá Tess mutí, kò lè dìde kó ilé oyin lọ sí ọjà; Tess gbà á ṣe, oorun gbé e lọ lórí kẹ̀kẹ́ ẹṣin, kẹ̀kẹ́ tó ń kó lẹ́tà sì kọlu tiwọn nínú òkùnkùn, ọ̀pá rẹ̀ sì wọ ẹṣin wọn láyà. Ọmọ náà fi ọwọ́ dí ojú ọgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ sì ta sí i láti ojú títí dé aṣọ. Ẹṣin yẹn ni wọ́n fi ń jẹun. Nítorí ikú rẹ̀ ni wọ́n ṣe rán Tess lọ sí ilé Alec, ọ̀dọ́kùnrin olówó kan tí wọ́n rò pé ó jẹ́ ìbátan wọn, níbi tí ọkùnrin náà ti rẹ́ ẹ jẹ.

Yorùbá ní orúkọ fún irú nǹkan báyìí: àgbákò. Ohun tí ènìyàn ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀ ni, kò sì ní kí a má béèrè ohun tí bàbá ń wá ní ilé ọtí. Lẹ́tà tí Tess fi jẹ́wọ́ ohun tí Alec ṣe sí i, tó tì sábẹ́ ilẹ̀kùn Angel, ẹni tó fẹ́ fẹ́ ẹ, tó sì wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lọ tí ọkùnrin náà kò rí i, àgbákò ni òun náà.

Alẹ́ ìgbéyàwó wọn kì í ṣe àgbákò o. Angel jẹ́wọ́ pé òun ti lo ọjọ́ méjì pẹ̀lú obìnrin kan rí, Tess sì dárí jì í lójú ẹsẹ̀. Nígbà tí Tess sọ tirẹ̀, Angel ní obìnrin mìíràn ni òun fẹ́ràn, kì í ṣe Tess. Kò sì pẹ́ tó fi í sílẹ̀ lọ sí Bràsíìlì. Bí a bá kọ kádàrá síbẹ̀, a ti gba ẹ̀bi náà lọ́wọ́ Angel, a gbé e fún Ọlọ́run.

Kí ni kí a wá pe ohun tó mú un ṣe bẹ́ẹ̀? "Ìretí" ń dùn létí wa, ohun rere ni a fi ń retí. Ẹnu ayé ni mo fara mọ́, èyí tí àwọn àgbà ní ẹbọ ni. Ẹnìkan ti sọ pé òfófó lásán ni ẹnu ayé. Rárá o. Òfófó kò sí bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ọ́, ṣùgbọ́n bí ìyá bá bi ọmọ rẹ̀ pé "ẹnu ayé ńkọ́?", kò sí ẹni tó tíì sọ nǹkan kan, síbẹ̀ ọmọ náà ti mọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Angel àti Tess nìkan ni wọ́n jọ sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Kò sí ará ìlú kankan níbẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n ń bá ọ̀rọ̀ náà lọ, Angel ń rò nípa àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí, pé ayé yóò máa fi ìtàn ìyá wọn bú wọn. Ẹnu ayé gan-an nìyẹn.

Àyè kan wà fún kádàrá. Ní òpin apá kìíní, Hardy ní àwọn ará abúlé Tess kì í yé sọ pé bó ṣe máa rí nìyẹn. Wọn kò dárúkọ Ọlọ́run níbẹ̀, nítorí náà "àmúwá Ọlọ́run" yóò jẹ́ àfikún tiwa, yálà a fi "Ọlọ́hun" kọ ọ́ tàbí a kò fi kọ ọ́. "Bó ṣe máa rí nìyẹn" ni èmi yóò kọ. Bí ẹ̀yin tó kù bá fẹ́ kí wọ́n sọ pé "kádàrá ni", n kò ní jà, níwọ̀n ìgbà tó bá ti jẹ́ ẹnu àwọn ará abúlé ni ó ti jáde, tí kì í ṣe ẹnu òǹkọ̀wé.