Òbúkọ tí mo rà lọ́jà ló kó àìsàn kata wọ agbo mi. Ẹ sọ ti yín náà

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ yìí, ọkàn mi ni kò gbà á. Ewúrẹ́ mọ́kànlélógún ni mo ní níbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá. Nígbà tí ọyẹ́ fi máa kásẹ̀ nílẹ̀, méje ló kù.

Mo lọ sọ́jà ẹran, mo rí òbúkọ dúdú kan, àyà rẹ̀ gbòòrò, owó rẹ̀ ò sì ga jù. Ilẹ̀ ti ṣú kí n tó délé. Mo tú okùn lọ́rùn rẹ̀, mo tì í wọlé bá àwọn yòókù. Yàrá kékeré kan wà lẹ́yìnkùlé mi tó ṣófo lálẹ́ ọjọ́ náà. Bí mo bá ti rántí yàrá yẹn, inú mi máa ń bàjẹ́ gan-an.

Ní ọjọ́ kẹta, ó ń sín. Mo ní ọyẹ́ ni. Ní ọjọ́ karùn-ún, ipin ti lẹ ojú rẹ̀ pọ̀, ikun imú rẹ̀ ti ki bí ọyún, ó sì ń rùn. Mo la ẹnu rẹ̀ wò: èrìgì rẹ̀ pọ́n, ohun funfun kan bò ó bí ẹ̀kọ tó gbẹ. Mo já ewé ìyeyè fún un, ewé tí ewúrẹ́ kì í kọ̀. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ni ìgbẹ́ gbuuru dé. Nígbà tó fi kú, mẹ́fà nínú tèmi ti ń sín.

Dókítà ẹran tó wá sọ fún mi pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fa kata, kò sí oògùn tó ń pa á. Abẹ́rẹ́ tó gún wọn, nítorí òtútù àyà tó máa ń tẹ̀ lé e ni. Ó ní kí n máa fi omi iyọ̀ tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ fọ ẹnu wọn, kí n máa fún wọn lómi tí mo po iyọ̀ àti ṣúgà sí, díẹ̀díẹ̀, kí ìgbẹ́ má baà fa omi ara wọn gbẹ. Èmi àti ìyàwó mi ń jí lóru ṣe é. Àwọn tí a rí gbà là, ọ̀nà yẹn la fi gbà wọ́n. Méjì tó lóyún, oyún wọn wálẹ̀. Àgùntàn mẹ́rin tó wà nínú ilé kan náà, ọ̀kan péré nimú rẹ̀ dà, kò sì kú. Dókítà ní ewúrẹ́ ni kata máa ń hàn léèmọ̀ jù.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tó ti kàn rí, báwo lẹ ṣe ṣe é?

*

Ẹ kú àdánù o, ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ò tiẹ̀ mọ̀ pé àìsàn ni nígbà tèmi. Ẹran márùn-ún kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo wọn ń ya ìgbẹ́. Ewúrẹ́ mi ti jẹ ẹ̀gẹ́ ìyá kan ládùúgbò rí, a sì ti bínú síra wa lórí ẹ̀. Mo bá gbà pé májèlé ló fi sí èèpo ẹ̀gẹ́ fún wọn. Mo lọ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ. Lọ́sẹ̀ kejì, ewúrẹ́ tiẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ìyá náà dárí jì mí, ṣùgbọ́n ẹran tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, kò ju ọ̀kan lọ.

*

Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Tèmi gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, kata ṣì pa wọ́n. Ẹni tó bá mi rà á kó o sínú àpò lásán, ó wọkọ̀ láàárọ̀, ọ̀sán ló dé. Ìgò náà ti gbóná nígbà tí mo gbà á. Kòkòrò kata tí wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ ló wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn, ààyè ló sì gbọ́dọ̀ wà. Bí ooru bá ti pa á, omi lásán lẹ gún sẹ́ran lára. Inú yìnyín ni kó wà títí dọ́wọ́ ẹni tó máa gún un, bí wọ́n bá sì ti pò ó mọ́ omi rẹ̀, kò gbọ́dọ̀ pẹ́ kí wọ́n tó gún un.

Wọ́n ń ṣe é ní Vom nítòsí Jọ́ọ̀sì, bẹ́ẹ̀ ara ewúrẹ́ kan ní Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti rí kòkòrò tí wọ́n fi ṣe é lọ́dún 1975. Bó bá mú ẹran dáadáa, ó tó ọdún mẹ́ta tó fi ń dáàbò bò ó. Ó máa ń dùn mí pé ohun tó sún mọ́ wa tó báyìí, ewúrẹ́ wa ò rí i gbà.

*

Ẹ ṣọ́ra fún oúnjẹ àwọn méje tó kù yẹn o. Ewúrẹ́ mi kan bọ́ lọ́wọ́ kata, ó ti rù kan egungun. Àánú rẹ̀ ṣe mí, mo bu àgbàdo gbígbẹ kún abọ́ fún un, ó jẹ ẹ́ tán. Kí ilẹ̀ tó mọ́, inú rẹ̀ ti wú, ó ti kú. Koríko àti ewé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún wọn, kí àgbàdo jẹ́ ẹ̀kúnwọ́ kan. Èèpo ẹ̀gẹ́ tútù náà, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó fún wọn.

*

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ lọ bẹ aládùúgbò yín, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Mo ti kó àgbàdo kúrò níwájú wọn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni dókítà ń bọ̀ wá gún abẹ́rẹ́, mo sì ti sọ fún un pé mo fẹ́ fojú ara mi rí yìnyín tó gbé e sí. Ọ̀kan nínú àwọn tó la kata já bímọ méjì láàárọ̀ àná. Yàrá ẹ̀yìnkùlé ni mo kó wọn sí.