Iṣẹ́ ti bọ́, káàdì ìlera wa ń kọ́?

Ìyá Ìbejì, Kubwa: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ilé iṣẹ́ aládàáni tí mo wà ní Wuse dá wa dúró lóṣù tó kọjá. Nígbà tí ibà mú Táíwò, tí mo gbé e lọ sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì tẹ nọ́ńbà káàdì wa sínú kọ̀ǹpútà, ó tún un tẹ̀, ó ní orúkọ wa kò sí níbẹ̀ mọ́. Ǹjẹ́ mo lè máa san owó adójútòfò ìlera tí ilé iṣẹ́ ń san fún wa tẹ́lẹ̀ fúnra mi?

Bàbá Karu: Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Òfin NHIA (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó adójútòfò ìlera) ti ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà, ṣùgbọ́n èyí tí agbanisíṣẹ́ ń san kì í sábà tẹ̀lé ènìyàn kúrò níbi iṣẹ́. Ẹ bèèrè GIFSHIP, ètò tí NHIA ṣe fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ìdílé àti ẹgbẹ́. Abuja náà ní tirẹ̀, FHIS.

Àǹtí Gwarimpa: Ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ yín ọjọ́ tí owó tí wọ́n san parí, nítorí àwọn mìíràn a máa san ti ọdún kan pọ̀, ó sì lè jẹ́ pé wọ́n kàn tètè yọ orúkọ yín ni. Kí ẹ tó sanwó tuntun, ẹ bèèrè iye ọjọ́ tí ẹ ó fi dúró kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. Ara Táíwò ti yá báyìí?