Kí ló ń kó ẹja striped bass jọ sí ojú kan ṣoṣo ní etí omi ní oṣù kẹta?

Àjàní ará Perth Amboy
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ ń fi ìwọ̀ pẹja ní ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹta, tí ìjọba New Jersey bá ti gbà wá láyè láti pa striped bass nínú odò àti ọ̀sà, mo máa ń rí àwọn apẹja tí wọ́n tò sí ibì kan ní etí Raritan Bay, ọ̀sà tí ó wà láàárín New Jersey àti Staten Island, tí wọ́n ń fa ẹja jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ẹni tí ó dúró ní ìsàlẹ̀ díẹ̀ sí wọn, ní etí omi kan náà, kò ní rí ẹyọ kan mú relé. Ẹja kì í kúkú ṣe ènìyàn tí yóò ní àdúgbò tí ó wù ú. Kí ẹni tí ojú rẹ̀ ti tó o jọ̀wọ́ sọ ohun tí ó rí fún wa.

Baba Táyé, Keyport
Àbúrò, ẹja ní àdúgbò o. Mo ti pẹ́ ní etí omi láàárín Keyport àti Union Beach, kì í sì í ṣe ibi gbogbo ni mo ń ju ìwọ̀ sí nígbà tí òtútù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ. Ibi tí mo ń wá ni ibi tí omi kò ti jìn, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú, tí odò kékeré kan sì ti inú àbàtà ṣàn jáde síbẹ̀. Ohun dúdú a máa gba ooru oòrùn mọ́ra. Nítorí náà, bí oòrùn bá ti pa ẹrẹ̀ yẹn àti omi fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó wà lórí rẹ̀ láti àárọ̀, tí omi wá ń fà padà sí òkun ní ìrọ̀lẹ́, omi tí ó ti lọ́ wọ́ọ́rọ́ yìí ni yóò gba ẹnu odò jáde sínú ọ̀sà tí ó ṣì tutù rinrin. Ẹnu ibẹ̀ gan-an ni àwọn ẹja máa ń dúró sí. Bí omi bá ṣe tutù tó ni ara ẹja ṣe ń tutù tó, tí omi bá sì wà ní ìwọ̀n 40 Fahrenheit, kò sí agbára nínú rẹ̀ láti máa lé ohunkóhun kiri. Mo ní tẹmómítà kan tí mo máa ń so mọ́ okùn, tí mo ń jù sómi kí n tó ju ìwọ̀. Bí ó bá ti ń sún mọ́ 50, mo máa ń dúró. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, mo máa ń kó ẹrù mi lọ sí ẹnu odò mìíràn. Àwọn ọ̀dọ́ tí a jọ ń lọ a máa fi mí rẹ́rìn-ín pé dókítà omi ni mí.

Ṣadé
Dókítà omi! Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá wa yẹ Newark Bay náà wò.

Ìyá Ìbejì, Staten Island
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà pé ooru wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ ni ẹja ń wá. Ẹni tí ó bá rìn lórí ẹrẹ̀ ní Great Kills nígbà tí omi bá ti fà tán yóò rí ihò ekòló òkun káàkiri, tí omi díẹ̀díẹ̀ ń yọ láti inú wọn. Nígbà tí mo la ikùn èyí tí mo gbé lọ sílé, ekòló ni mo bá níbẹ̀, pẹ̀lú edé tín-ín-tín, akàn kan tí kò ju èékánná mi lọ, àti ẹrẹ̀ tí ó gbé mì pẹ̀lú wọn. Kò sí bunker kan ṣoṣo níbẹ̀, nítorí bunker, ẹja tí ó jọ sáwá yẹn, kò tíì wọlé dé ní àkókò náà. Ekòló ni mo fi ń dẹ wọ́n títí oṣù kẹrin yóò fi dé ìdajì, n kò sì so tẹmómítà mọ́ ohunkóhun rí.

Ọmọ Ìlàjẹ
Kí ni ẹ wá ń bá ara yín jà sí? Ooru ni ó jí ekòló, ekòló ni ó pe ẹja.

Alágídí
Èmi kò gba èyíkéyìí nínú rẹ̀ gbọ́. Ohun tí mo rí ni pé ẹnì kan yóò mú ẹja kan, gbogbo ènìyàn yóò sáré lọ dúró tì í, ní ọjọ́ kejì orúkọ ibẹ̀ yóò ti di ibùdó ẹja. Ibi tí ìwọ̀ ogún bá wà nínú omi, ṣé ẹja kò ní jáde níbẹ̀ ju ibi tí ìwọ̀ ẹyọ kan wà lọ ni?

Baba Táyé, Keyport
Ọ̀rọ̀ rẹ ní ìtumọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n wá bá mi lọ ní ọjọ́ tí omi ń fà ní ìdájí. Ibi kan náà ni, apẹja pọ̀ níbẹ̀ bákan náà, omi tí ó ń jáde á sì tutù nítorí pé òru ni ó wà lórí ẹrẹ̀. Gbogbo wa la ó jókòó, tí a ó máa wo ara wa. Bí omi bá tún fà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ìwọ fúnra rẹ á rí i bí okùn yóò ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Adéwálé, Toms River
Alágídí, ẹ rántí Oyster Creek ní Forked River. Ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì yẹn ń tú omi gbígbóná jáde, striped bass sì máa ń dúró sínú omi náà nígbà tí yìnyín wà ní etí odò mìíràn. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018 ni wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà pa. Ìgbà òtútù tí ó tẹ̀ lé e, mo lọ síbẹ̀, àwa tí a dúró níbẹ̀ ni a gba òtútù, kò sí ẹja. Odò náà wà níbẹ̀, afárá tí a ń dúró lé lórí wà níbẹ̀, ooru nìkan ni kò sí mọ́.

Alágídí
Èyí wọ̀ mí létí díẹ̀. Mo ní díẹ̀ o.

Ọmọ Ìlàjẹ
Ní ọ̀dọ̀ wa ní Ayétòrò, omi kì í tutù débi tí ẹja yóò fi máa wá ooru kiri, nítorí náà tẹmómítà Baba Táyé jẹ́ nǹkan tuntun sí mi. Ṣùgbọ́n kí a dúró sí ẹnu odò nígbà tí omi bá ń fà, ìyẹn kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí sí etí omi. Ohun tí ó wà nínú àbàtà kò ní ọ̀nà mìíràn láti gbà jáde.

Ará Baltimore
Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará New Jersey ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé oúnjẹ àti ooru nìkan ni ó ń gbé ẹja yìí rìn. Rockfish ni àwa ń pè é ní Maryland, òun sì ni ẹja àmì ìpínlẹ̀ wa láti ọdún 1965. Ní ọ̀dọ̀ wa, àwọn abo ńlá máa ń ti òkun wọlé ní ìgbà ìrúwé láti lọ yé ẹyin ní Susquehanna Flats, nínú odò Choptank, Nanticoke àti Potomac, níbi tí iyọ̀ kò ti pọ̀ nínú omi. Wọn kì í yé e títí omi yóò fi gbóná tó nǹkan bí 60 Fahrenheit. Ẹyin náà gbọ́dọ̀ máa léfòó nínú omi tí ń ṣàn fún nǹkan bí ọjọ́ méjì kí ó tó pa, nítorí bí ó bá rì sínú ẹrẹ̀, ó lè kú. Èyí ni ó fi jẹ́ pé odò tí ń ṣàn dáadáa ni wọ́n ń lọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ńlá tí ẹ ń rí ní Raritan Bay, odò Hudson ni wọ́n ń lọ. Wọ́n ń dúró kí omi òkè odò náà gbóná ni.

Ìyá Ìbejì, Staten Island
Ó dára bẹ́ẹ̀. Àwọn kéékèèké tí kò tíì tó yé ẹyin ńkọ́? Àwọn ni wọ́n pọ̀ jù ní oṣù kẹta, inú kòtò odò ni wọ́n sì ti lo ìgbà òtútù. Ẹ kò tíì ṣẹ́gun ekòló mi o!

Ará Baltimore
Ẹ̀gbọ́n, mo gbà fún yín lórí àwọn kéékèèké.

Akin Ẹlẹ́ja
Mo fẹ́ béèrè ohun kan ṣá. Bí abo tí ikùn rẹ̀ kún fún ẹyin bá jẹ ìwọ̀ mi, ṣé kí n dá a padà? Ìyá mi gbọ́ pé mo ń dá ẹja tí ó tó bẹ́ẹ̀ padà sómi, ó ní kí wọ́n lọ gbàdúrà fún mi.

Baba Táyé, Keyport
Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àdúrà. Ẹyọ kan lójúmọ́, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ láti 28 ínǹṣì, tí kò sì tó 31, ni òfin gbà wá láyè láti gbé lọ sílé. Èyí tí ikùn rẹ̀ kún bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gùn ju ìyẹn lọ, nítorí náà ó ní láti padà. Láti ọdún 2021 ni wọ́n sì ti ní kí ẹni tí ó bá ń fi ekòló tàbí ẹran ẹja dẹ ẹ́ lo ìwọ̀ tí ó tẹ̀ roboto, tí kì í sábà gún ẹja nínú ọ̀fun.

Akin Ẹlẹ́ja
Ọbẹ̀ ata ti bọ́ sómi nìyẹn.

Ará Baltimore
Jẹ́ kí ó bọ́. Láti ọdún 1985 sí 1990 ni Maryland fi òfin de pípa rockfish pátápátá, nítorí pé ó ti fẹ́ tán. Ọdọọdún láti ọdún 1954 ni wọ́n ń ka àwọn ọmọ ẹja náà nínú àwọn odò wa, láti ọdún 2019 ni iye wọn sì ti ń kéré sí ti àtẹ̀yìnwá. Èmi kì í tilẹ̀ gbé abo jáde kúrò nínú omi. Inú omi ni mo ti ń yọ ìwọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Alágídí
Ẹ jẹ́ kí a padà sórí ọ̀rọ̀. Baba Táyé, bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ ńkọ́?

Baba Táyé, Keyport
Bí ó bá fẹ́ láti inú ọ̀sà wá sí etí ilẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, ó máa ń ti omi ojú ọ̀sà tí oòrùn ti mú gbóná wá síbi tí a dúró sí, èyí sì dára fún wa. Bí ó bá yí padà pẹ̀lú òtútù, mo máa ń jókòó sílé. Lọ́jọ́ Sátidé tí ń bọ̀, omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà ní nǹkan bí agogo mẹ́ta ọ̀sán. Àjàní, ìwọ àti Alágídí, ẹ pàdé mi ní ẹnu odò kí ó tó di agogo mẹ́rin.

Ìyá Ìbejì, Staten Island
Ẹni tí ó bá ń lọ, kí ó ti ra ekòló ní ọjọ́ Jímọ̀, nítorí wọ́n máa ń tà á tán kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́.