Ìtọpinpin ni mo fara mọ́, kì í ṣe àbójútó

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń ka gbogbo ohun tí ẹ ń kọ láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa kan ti béèrè pé kí la máa pe "scrutiny" tí àwọn káńsílọ̀ ń ṣe ní England níbí, torí ó ń tú ìwé pélébé kan fún àwọn ará wa tó ń gbé ní London. Àwọn kan ní àbójútó, àwọn kan ní àyẹ̀wò, àbúrò kan náà mú ìfimúfínlẹ̀ wá. Mo ti fẹ́ dákẹ́ tẹ́lẹ̀ àmọ́ mo rí i pé àbójútó ló fẹ́ borí, ìyẹn ló jẹ́ kí n kọ eléyìí, torí ọ̀rọ̀ yẹn máa ṣi àwọn èèyàn wa lọ́nà gidi gan-an.

Ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Láti ìgbà tí òfin ìjọba ìbílẹ̀ ọdún 2000 ti jáde, ọ̀pọ̀ káńsù ní England ni káńsílọ̀ wọn ti pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn díẹ̀ wà ní kábínẹ́ẹ̀tì, wọn ò gbọdọ̀ ju mẹ́wàá lọ tòun ti olórí wọn, àwọn yìí ló ń bójú tó ilé gbígbé, títì, pàǹtí kíkó, ìtọ́jú àwọn arúgbó, àwọn náà ló ń gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì kalẹ̀. Nínú àwọn tó kù ni wọ́n ti ń yan ìgbìmọ̀ tó máa ń pe àwọn ti kábínẹ́ẹ̀tì jókòó pé ẹ wá ṣàlàyé ara yín, òfin ò sì gbà kí ẹnikẹ́ni nínú kábínẹ́ẹ̀tì wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn. Káńsílọ̀ 101 ló wà ní Birmingham, ẹ yọ mẹ́wàá kúrò ńbẹ̀ kí ẹ wo iye tó kù. Tá a bá wá pe iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yẹn ní àbójútó, iṣẹ́ kábínẹ́ẹ̀tì la gbé lé wọn lọ́wọ́ yẹn. Ẹni tó ń bójú tó nǹkan, ọwọ́ ẹ̀ ni nǹkan ọ̀hún wà, òun náà ló máa jíyìn. Ẹni tó ń béèrè ò ní ọwọ́ ńbẹ̀, ìdí tó fi lẹ́nu láti béèrè nìyẹn.

Nílé náà bẹ́ẹ̀ ni o. Ẹni tí wọ́n ń pè ní supervisory councillor, alága káńsù ló yàn án, iṣẹ́ alága ló ń bá a bójú tó. Káńsílọ̀ tí wọ́ọ̀dù dìbò yàn ló yẹ kó bi wọ́n pé owó ọjà dà, owó gáréèjì dà.

Àyẹ̀wò sún mọ́ ọn díẹ̀, àmọ́ ìyẹn náà ti ní oníṣẹ́ tiẹ̀. Àwọn tó ń yẹ ìwé owó wò máa ń dé nígbà tí wọ́n bá ti ná owó tán. Káńsílọ̀ tó bá ń ṣe iṣẹ́ tí à ń wí yìí, kí wọ́n tó ná an ló yẹ kó ti dé, ní January àti February, nígbà tí bọ́jẹ́ẹ̀tì ṣì wà lórí tábìlì, torí tó bá fi máa di March 11, gbogbo káńsù ti gbọ́dọ̀ dìbò lé iye owó council tax, ìyẹn owó orí tí ilé kọ̀ọ̀kan ń san fún káńsù. (Káńsílọ̀ tó bá fúnra ẹ̀ jẹ gbèsè council tax tó oṣù méjì ò lè bá wọn dìbò yẹn, òfin 1992 ló sọ bẹ́ẹ̀, mo fẹ́ràn òfin yẹn gan-an ni.)

Ẹ jẹ́ kí n mú káńsù Croydon ní London kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Ní October 2020 àwọn ayẹ̀wéwò láti ìta, Grant Thornton, kọ ìwé kan síta nípa káńsù yẹn. Ó wà ńbẹ̀ pé káńsù yá ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ fúnra wọn láti máa kọ́lé, Brick by Brick, ní owó tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £200 mílíọ̀nù, èlé kankan ò tíì wọlé. Wọ́n ra hòtẹ́ẹ̀lì kan náà ní nǹkan bí £30 mílíọ̀nù. Nígbà tí ètò tó fún wọn láyè irú rírà bẹ́ẹ̀ wá dé iwájú gbogbo káńsílọ̀, àkókò ìpàdé ti tán, wọ́n kàn fọwọ́ sí i láìjíròrò tó, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti ra àkọ́kọ́ ní oṣù méjì ṣáájú kí ètò yẹn tó gba àṣẹ. Àwọn ayẹ̀wéwò yẹn ló wá ń sọ lẹ́yìn pé ó yẹ kí àwọn káńsílọ̀ ti béèrè ọ̀rọ̀ dáadáa ju bí wọ́n ṣe béèrè lọ. Ẹ rí i? Àyẹ̀wò ṣẹlẹ̀ ní Croydon, ó sì ṣe iṣẹ́ ẹ̀. Èkejì, bíbéèrè ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó ná owó, ni kò tó.

Orúkọ èkejì yẹn ní tèmi, ìtọpinpin ni. Kéèyàn tọ nǹkan láti orísun ẹ̀ dé ibi tó parí sí, ta ló ní ká rà á, ìgbà wo, owó ta ni, kí ló máa wọlé padà. Àǹtí wa kan kọ ọ́ pé ọ̀tọpinpin kì í ṣe orúkọ rere, pé bí ẹni tó ń tojú bọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn án ló ń dún. Mo gbọ́, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí kan káńsílọ̀ mà. Owó ará ìlú ni, ará ìlú ló sì rán an. Ìfimúfínlẹ̀ ni mo máa sọ bẹ́ẹ̀ fún, torí ìyẹn máa ń ṣe bí iṣẹ́ àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, iṣẹ́ ìkọ̀kọ̀, ìpàdé àwọn ìgbìmọ̀ yìí sì rèé, gbangba ni wọ́n ti máa ń ṣe é, èmi àti ẹ̀yin lè wọlé lọ jókòó. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbí lọ́nà òfin lè dìbò yan káńsílọ̀ pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ẹ̀, torí Commonwealth, nítorí náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlejò là ń tú yìí.

Ẹ̀yin tó ń kọ ọ́ pé Birmingham "wọko gbèsè" ní September 2023, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ìwé tí akápò wọn gbé jáde, section 114, ohun tó ń sọ ni pé ìnáwó fẹ́ ju owó tó ń wọlé lọ, nítorí náà kò sí ìnáwó tuntun, àfi èyí tí òfin kàn nípá àti àdéhùn tó ti wà nílẹ̀, káńsílọ̀ sì gbọ́dọ̀ jókòó lé e lórí láàárín ọjọ́ 21. Wọ́n ṣì ń san owó oṣù, wọ́n ṣì ń tọ́jú arúgbó. Mo rò pé "ìkéde ìdáwọ́-ìnáwó-dúró" dáa, ó gùn, àmọ́ ìyá àgbà tó bá gbọ́ ọ á mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ó ku "call-in". Ẹni tó kọ "pípè wọlé" tú ọ̀rọ̀ ni, kò tú iṣẹ́. Kábínẹ́ẹ̀tì ti pinnu, wọn ò tíì ṣe é, ìgbìmọ̀ wá ní ẹ dúró ná, ẹ lọ tún un rò. Wọn ò lágbára láti fagi lé e, nítorí náà "ìdápadà" ti le jù. Àtúnrò ló wà lọ́wọ́ mi fún un báyìí, kò tíì tẹ́ mi lọ́rùn torí kò gbé apá "ẹ dúró ná" yẹn, ẹni tó bá ní èyí tó gbé méjèèjì kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ síbí kí ẹ̀gbọ́n wa tó gbé ìwé yẹn lọ tẹ̀.