Àjọ ẹlẹ́sìn wo ló ń ran tálákà lọ́wọ́ ní tòótọ́ ní agbègbè wa?

Ará Ìsánlú:
Òkun o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ìyá wa tó di olóògbé lọ́dún tó kọjá a máa bọ́ àwọn opó àdúgbò, èmi àti àwọn àbúrò mi sì ti pinnu láti máa yọ 20,000 náírà sílẹ̀ lóṣooṣù kí iṣẹ́ náà má baà parun. Àjọ ìjọ kan la kọ́kọ́ gbé owó oṣù mẹ́fà fún. Àwòrán àpò ìrẹsì ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa, ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, kò sí ọ̀kan nínú àwọn opó tí mo mọ̀ tó rí ìrẹsì gbà. Ó dùn mí gan-an. Báwo la ṣe lè mọ àjọ tí yóò fi owó wa dé ọ̀dọ̀ aláìní?

Ọmọ Kàbà:
Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá. Ọmọ ẹgbẹ́ Vincent de Paul Mímọ́ ni mí ní ìjọ Kátólíìkì wa. Frédéric Ozanam àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Paris lọ́dún 1833, ìlànà tó sì gbé e dúró ni pé kí ọmọ ẹgbẹ́ fẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ilé aláìní, ní méjìméjì, kí wọ́n tó pinnu ohun tí wọn yóò ṣe. Ẹni tó bá ti jókòó sórí àpótí nílé ìdáná opó ni yóò mọ̀ bóyá ìrẹsì ló ń fẹ́ tàbí owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Nítorí náà, kí ẹ tó béèrè iye àpò tí wọ́n pín, ẹ béèrè ẹni tó yan àwọn tó gbà á, àti ìgbà tí wọ́n padà lọ wò wọ́n.

Mùsùlùmí Lọ́kọ́ja:
Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Nínú irú ènìyàn 8 tí Kùránì (9:60) ní kí a fún ní sàká, òtòṣì àti aláìní ló ṣíwájú, àwọn tó ń gbà á jọ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò burú, nígbà náà, kí òṣìṣẹ́ àjọ gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tó burú ni kí wọ́n má lè ka iye tó wọlé àti iye tó jáde sí gbogbo ènìyàn létí.

Ará Ẹ̀gbẹ̀:
Ẹ tún lè wá orúkọ àjọ náà wò lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìforúkọsílẹ̀ nìkan kò sọ wọ́n di olóòótọ́. Bí ìtọ́jú aláìsàn bá wù yín, ẹ béèrè ní ilé ìwòsàn ìjọ, bíi ti ECWA níhìn-ín, bóyá wọ́n lè gba owó yín mọ́ gbèsè aláìsàn kan, kí wọ́n sì fún yín ní rìsíìtì.

Ará Ìsánlú:
Ẹ ṣeun púpọ̀. A ó dá owó oṣù yìí dúró ná, títí n ó fi bá ẹgbẹ́ kan lọ sílé opó méjì tàbí mẹ́ta.