"Ìjẹrà òkúta" kò bá ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mu

Ẹ̀yin ará mi,

Akẹ́kọ̀ọ́ kan béèrè bí a ṣe lè sọ ọ́ ní Yorùbá pé òkìtì èérún òkúta tí àwọn awakùsà dà sílẹ̀ ń tú májèlé sínú odò bí òjò àti afẹ́fẹ́ ti ń bá a jà. Ẹ̀gbọ́n wa dáhùn pé kí a pe ohun tó ń ṣe òkúta náà ní "ìjẹrà òkúta", kí a sì pe májèlé náà ní "irin wíwúwo", ìyẹn ohun tí Òyìnbó ń pè ní "heavy metals". Mo bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi, ṣùgbọ́n n kò lè gba èyíkéyìí nínú méjèèjì.

"Jẹrà" yẹn ló dùn mí jù. Ohun tó bá ń jẹrà ń lọ sí òpin ni. Ewé a jẹrà, a di ilẹ̀dú, àgbàdo a sì hù níbẹ̀. Òjé, tó jẹ́ ọ̀kan lára májèlé tó ń ti inú òkúta bẹ́ẹ̀ jáde, kì í jẹrà. Bí òkúta tó gbé e sínú bá fọ́ sí wẹ́wẹ́, ṣe ni òjé yóò bọ́ lọ́wọ́ òkúta tí yóò sì kó sínú omi. Ẹ wo odò Tinto ní Huelva, ní ilẹ̀ Sípéènì, níbi tí wọ́n ti ń wa kùsà láti nǹkan bí 5,000 ọdún sẹ́yìn. Òkúta páírítì, tí irin àti imí-ọjọ́ para pọ̀ di, pọ̀ níbẹ̀. Bí omi àti afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, tí àwọn kòkòrò àìfojúrí sì bá wọn lọ́wọ́ sí i, imí-ọjọ́ inú rẹ̀ a di ásíìdì, ásíìdì yìí a sì máa yọ bàbà, síǹkì àti kádímíọ́ọ̀mù, tí òun náà jẹ́ májèlé bí òjé, lára òkúta. Omi odò náà pọ́n bí osùn. Òkìtì tí àwọn ará Róòmù ìgbàanì fi sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àgbẹ̀ wo ló máa gbọ́ "ìjẹrà" tí yóò mọ̀ pé ewu náà lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?

"Ìtúká òkúta" ni èmi fara mọ́, nítorí òkúta náà ń túká, ó sì ń tú ohun tó dì mọ́ra sílẹ̀. Arábìnrin tó dábàá "ìdípẹtà" sún mọ́ òtítọ́ ní ti páírítì, àmọ́ irin nìkan ni mo gbọ́ pé ó ń dípẹtà lẹ́nu bàbá mi àgbà.

Ẹ̀gbọ́n ní àwa tí a dàgbà sí ìgboro kò lè mọ̀ pé "irin" kó òjé, bàbà àti irú wọn gbogbo pọ̀. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá àgbà tí mo wí yìí. Irin ń jẹ́ irin lẹ́nu wọn, òjé ń jẹ́ òjé, bàbà ń jẹ́ bàbà, ẹni tó bá sì pe ọ̀kan ní èkejì nínú àgbẹ̀dẹ wọn yóò gbọ́ ìbáwí. Ní ọdún 2010, àwọn ọmọdé tó lé ní 400 kú ní Zamfara; òjé inú òkúta wúrà tí wọ́n ń lọ̀ láàárín agboolé ló pa wọ́n. Wúrà tí wọ́n ń wá nínú òkúta náà wúwo ju òjé lọ, síbẹ̀ òun kọ́ ló pa wọ́n, nítorí náà ìwúwo kì í ṣe májèlé. Ilé là á wò kí a tó sọmọ lórúkọ: ẹ jẹ́ kí a wí pé "májèlé òjé" níbi tó bá jẹ́ òjé, kí a wí pé "májèlé kádímíọ́ọ̀mù" níbi tó bá jẹ́ òun.

Ẹ̀yin ará Iléṣà tí ẹ wà láàárín wa, ẹ jọ̀wọ́, kí ni àwọn tó ń wa wúrà lọ́dọ̀ yín ń pe òkìtì tí wọ́n ń dà sẹ́bàá odò?